Iṣẹ́ abẹ orúnkún ajá àti ọ̀sẹ̀ méjìlá tó tẹ̀ lé e

Bí ajá bá ń tiro ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò tí ẹ ò rí ẹ̀gún, tí ẹ ò rí ọgbẹ́, tí èékánná kankan ò ya, orúnkún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, zémidjan, ìyẹn alùpùpù akérò, ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orúnkún ajá tó já, alùpùpù kankan ò kàn án. Iṣan inú rẹ̀ ló ti ń gbó láti oṣù púpọ̀ wá. Ajá wá sáré lé ewúrẹ́ lọ́jọ́ kan, ó yí bírí, ó já pátápátá. Ó wọ́pọ̀ lára Rottweiler, Labrador àti àwọn ajá ńlá mìíràn tí a fi ń ṣọ́ ilé, pàápàá èyí tó bá sanra. Ajá ìbílẹ̀ wa náà ò bọ́ nínú rẹ̀.

Orí eegun ojúgun ajá ò tẹ́jú. Ó lọ gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn ní nǹkan bí dígíríì 25. Nígbàkigbà tí ajá bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, eegun itan ń wá ọ̀nà àtiyọ̀ lọ sẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́ náà, ojúgun sì ń fẹ́ jáde síwájú. Iṣan méjì ló kọjá lórí ara wọn láàárín orúnkún, àwọn dókítà wa tó kàwé lédè Faransé ń pè wọ́n ní ligament croisé, ti iwájú ló ń fa ojúgun padà. Tó bá já, ojúgun á máa yọ síwájú ní gbogbo ìṣísẹ̀, á máa lọ̀ tìmùtìmù inú orúnkún, ìyẹn ménisque, pàápàá ti apá inú, títí tí yóò fi fàya. Ìdí nìyẹn tí “ẹ fi sílẹ̀, á san” kì í fi í ṣiṣẹ́ fún ajá ńlá. Ìrora lè dín kù lóòótọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, torí ara á ti máa ki yí orúnkún ká, ṣùgbọ́n kerekere ń jẹ lọ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ wo bí ajá ṣe ń jókòó. Ajá tí orúnkún rẹ̀ dá ṣáṣá á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ara. Èyí tí iṣan rẹ̀ ti já á na ẹsẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi ìdí lé ìhà kan. Tó bá dúró, orí ìka ẹsẹ̀ ni á fi kan ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tó ti pẹ́ á ki, á le bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan há a. Ẹ mú téèpù ránṣọránṣọ, ẹ wọn itan méjèèjì yíká ní ibi kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹran itan máa ń tètè rù bí ajá ò bá lo ẹsẹ̀.

Ìdánwò tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Dókítà á tẹ́ ajá sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn á wà lókè. Á fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ eegun itan mú: ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò á wà níwájú, lórí eegun kékeré orúnkún, àtàǹpàkò á wà lẹ́yìn. Ọwọ́ kejì á di òkè ojúgun mú: ìka lórí kókó iwájú rẹ̀, àtàǹpàkò lẹ́yìn, lórí eegun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ ti òkè á dúró gbọin, ti ìsàlẹ̀ á ti ojúgun síwájú. Bí iṣan bá wà, kò ní mì. Bó bá ti já, eegun á yọ̀ síwájú, ojú gan-an á rí i. Ọmọ ajá máa ń mì díẹ̀, ṣùgbọ́n á dúró gbàgà lójijì, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni ajá alágbára tí ẹ̀rù ń bà: á le ẹran itan rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún á dà bíi pé kò ṣe é. Irú ajá bẹ́ẹ̀, oògùn oorun fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un kí wọ́n tó tún un dánwò. Iṣan tó já ìdajì náà lè má hàn bí ẹsẹ̀ bá nà. Wọ́n á ká orúnkún díẹ̀ kí wọ́n tó tì í.

Radio, ìyẹn àwòrán eegun (X-ray), kì í fi iṣan hàn. Omi tó kún inú oríkèé, eegun tó ń hù létí rẹ̀, àti ìwọ̀n gẹ̀rẹ́ orí ojúgun ló ń fi hàn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé radio mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan, ẹ béèrè bóyá ó fi ọwọ́ dán orúnkún wò.

Eégbọn ńkọ́?

Lọ́dọ̀ wa, ìbéèrè yìí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ. Eégbọn ajá ń gbé àìsàn ehrlichiose àti babésiose kiri, méjèèjì sì wọ́pọ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀. Ehrlichiose lè wọ oríkèé, kí ajá tiro ẹsẹ̀ ọ̀tún lónìí, ti òsì lọ́la, iwájú lọ́tunla, kí ara rẹ̀ gbóná ju dígíríì 39.5 lọ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò nílò abẹ rárá. Doxycycline, mílígíráàmù 10 fún kílò kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 28, ni wọ́n sábà máa ń fún un. Èyí tó tún léwu jù ni ajá tí iṣan rẹ̀ já lóòótọ́, tó sì tún ní ehrlichiose láìmọ̀. Àìsàn náà ń jẹ àwọn plaquette tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ajá á wá máa ṣẹ̀jẹ̀ lórí tábìlì, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá. Ẹ sọ pé kí wọ́n ka plaquette rẹ̀, kí wọ́n sì wọn hématocrite, ìyẹn ìdá tí ẹ̀jẹ̀ pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ti ajá tó lera wà láàárín 37 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fẹ́ le lé lórí. Kí ajá tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n á ti fún un ní nǹkan kan láti fámásì tàbí láti ọjà. Ibuprofen ń gún ikùn ajá lọ́gbẹ́, ó sì ń pa kíndìnrín rẹ̀; diclofenac náà rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n gún un ní dexaméthasone, kí wọ́n tún wá fún un ní ọ̀kan nínú wọn: ikùn lè lu. Meloxicam ni ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko ń lò fún ìrora, mílígíráàmù 0.2 fún kílò kan lọ́jọ́ kìíní, lẹ́yìn náà 0.1 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ajá kílò 30, ìyẹn á jẹ́ mílígíráàmù 6, lẹ́yìn náà 3. Hóró kan ti ènìyàn jẹ́ 7.5 tàbí 15, ẹ ti rí ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé. Ohunkóhun tí ẹ bá ti fún un, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìfi kan pamọ́, torí ó lè ní láti dúró ọjọ́ mélòó kan kí oògùn àkọ́kọ́ tó kúrò lára kó tó fún un ní tirẹ̀.

Irú iṣẹ́ abẹ wo?

Ajá tí kò tó kílò 15 lè bọ́ láìsí abẹ: ìsinmi gidi fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí ó sì fọn. Ìsinmi gidi túmọ̀ sí inú àgò tàbí yàrá kékeré, kì í ṣe àgbàlá. Bí kò bá yí padà, ẹ pada sọ́dọ̀ dókítà.

Iṣẹ́ abẹ tó rọrùn jù, okùn nylon ni wọ́n ń lò. Wọ́n á yí i mọ́ eegun wóró kan tó wà lẹ́yìn orúnkún, ní ẹ̀gbẹ́ òde, wọ́n á kì í bọ ihò tí wọ́n lu sí kókó iwájú ojúgun, wọ́n á fà á le, wọ́n á dè é. Okùn apẹja ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn gbé okùn láti ọjà Wàǹdó lọ bá dókítà. Èyí tí wọ́n ń lò, wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n sì mọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Okùn náà á padà tú tàbí kó já lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kò burú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ la nílò rẹ̀ fún, kí ara tó ki yí orúnkún ká kó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ajá bá sá kiri lọ́sẹ̀ kejì, okùn á tú kí ara tó ki, owó ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Fún ajá tó wúwo, tó sì ń sáré, TPLO, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tó ń gé orí ojúgun yí padà, ni èmi ń fara mọ́ bí ọwọ́ bá tó o. Barclay Slocum, dókítà ẹranko kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1993. Kò wá iṣan tó já lọ. Gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ló dojú kọ. Wọ́n á fi ayùn tó tẹ̀ bí òṣùpá gé orí ojúgun, wọ́n á yí i títí gẹ̀rẹ́ á fi kù bíi dígíríì 5, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ àti síkúrù dè é mọ́lẹ̀. Bí gẹ̀rẹ́ ò bá sí mọ́, ojúgun ò ní ibi tó ń yọ̀ lọ. Ó gba ayùn tirẹ̀, irin tirẹ̀, radio ṣáájú àti lẹ́yìn, àti ọwọ́ tó ti ṣe é rí. Kì í ṣe gbogbo kìlíníìkì ló ní i. Àwọn ará Kétu kan máa ń ronú ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta; ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ìwé ìlera dání, torí wọn á béèrè ní bodè.

Irú èyí tó wù kó jẹ́, ẹ bi dókítà bóyá ó máa ṣí oríkèé wo ménisque. Bí èyí tó fàya bá wà nínú rẹ̀ tí wọn ò yọ ọ́, ajá á ṣì máa tiro, ẹ ó máa rò pé okùn tàbí irin ló bàjẹ́.

Oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu ajá láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Omi lè wà nílẹ̀ títí di àárọ̀. Wọ́n á fá irun láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Céfazoline, mílígíráàmù 22 fún kílò kan, gbọ́dọ̀ wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí kan ṣáájú kí abẹ tó kan awọ, kí wọ́n sì tún un fún un ní ìṣẹ́jú 90 síra. Abẹ́rẹ́ agbógunti-kòkòrò tí wọ́n gún lẹ́yìn tí wọ́n ti rán an tán ò lè ṣe iṣẹ́ ti ìṣáájú.

Ilé

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ tó dára ti ń bàjẹ́. Ẹ ti tọ́jú ibi tó máa wà sílẹ̀ kó tó dé. Kárò tó ń dán ni ọ̀tá àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ kan á yọ̀, irin á gbà á. Ẹ tẹ́ rọ́bà tàbí ẹní tí kò ní yọ̀ láti ibi tó ń sùn dé ibi tó ń tọ̀. Igun ìloro tí ẹ fi pákó dí dára, kó tóbi tó fún un láti dìde, kó yí padà, kó sì dùbúlẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́, adìyẹ àti ológbò ò gbọ́dọ̀ máa kọjá níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi yìnyín sí orúnkún lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ìṣẹ́jú 10 sí 15. Omi inú ọ̀rá tí ẹ ti gbé sínú ẹ̀rọ amúǹkan-dì ló tó fún un: ẹ fọ́ ọ díẹ̀ kó lè tẹ̀ mọ́ orúnkún, ẹ fi aṣọ ìnura wé e, ẹ má fi í kan awọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ tí ẹ rì sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tó kàn. Ẹ má fi òrí, àdí tàbí róòbù kan ojú rírán. Ajá á lá a, á sì já okùn ojú ọgbẹ́. Kólà ọrùn, èyí tó rí bí àrọ tí kì í jẹ́ kó lá ọgbẹ́, ni kó wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru títí wọ́n á fi yọ okùn, láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Àánú tí ẹ ṣe é lóru kan, tí ẹ bọ́ kólà, ló ń dá ọgbẹ́ padà.

Okùn ọrùn ni kó fi jáde, kódà tó bá jẹ́ ìtọ̀ lásán ló fẹ́ tọ̀. Ẹ gba aṣọ ìnura sábẹ́ ikùn rẹ̀, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú lókè, kì í ṣe láti gbé e, láti dá a dúró bó bá fẹ́ ṣubú ni. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ìṣẹ́jú 10. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà, 15. Ìkeje àti ìkẹjọ, 20. Bí ó bá tiro sí i lọ́jọ́ kejì, ẹ padà sí iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Jẹ́jẹ́ ni kí ẹ máa rìn, jẹ́jẹ́ tó fi máa sú yín. Bí ajá bá ń yára, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni á fi máa fò lọ, á gbé ẹ̀kẹrin sókè. Bó bá ń rìn bí ẹni tó ń ka ilẹ̀, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ọwọ́ kan di itan mú, èkejì di ojúgun, ẹ ká orúnkún, ẹ nà án, nígbà 10 sí 15. Níbi tó bá ti yí ojú padà wò yín, ẹ dúró níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ keje, ẹ jẹ́ kó máa jókòó kó máa dìde, nígbà márùn-ún sí mẹ́wàá, kó jókòó ṣinṣin, kó má na ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ará Ṣábẹ̀ ní òkè tí wọ́n lè lò: rírìn gòkè jẹ́jẹ́ ló ń dá ẹran itan padà jù. Odò dára náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ojú rírán tó jiná, kì í sì í ṣe ọ̀sà níbi tí etí omi ti ń yọ̀. Radio ọ̀sẹ̀ kẹjọ ló ń sọ bóyá eegun TPLO ti so. Kí wọ́n tó yà á, ìfò, àkàbà àti ẹ̀yìn ọkọ̀ pick-up jẹ́ èèwọ̀. Okùn ò tíì kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá.

Ìgbà wo ni kí ẹ pe dókítà? Bí ojú rírán bá ń sun omi lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tó gbóná, tó pọ́n. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà tàbí tó bá ń bì: ẹ dá oògùn ìrora dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ajá tó ti ń tẹ ẹsẹ̀ dáadáa bá ṣàdédé gbé e sókè: síkúrù lè ti tú, kókó iwájú ojúgun lè ti ya, tàbí kí ménisque ti fàya. Tẹ̀yìn yìí, ẹ lè gbọ́ ọ tó ń dún kẹ̀ẹ́ bó ṣe ń rìn.

Ìbàdí yàtọ̀

Lójú títì Kútọnu sí Parakú tó gba Ṣábẹ̀ kọjá, ọkọ̀ ń kọlu ajá tí orí eegun itan á fi yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀. Ẹsẹ̀ á kúrú, orúnkún á yí sóde. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn oorun láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, dókítà lè dá a padà láìfi abẹ kàn án, yóò sì dè é sókè fún ọjọ́ 10 sí 14. Mi ò ní sọ pé àwọn tó ń to eegun ò mọ iṣẹ́ wọn lára èèyàn, ṣùgbọ́n ẹran itan ajá tí ojú rẹ̀ là lágbára ju ọwọ́ ẹnikẹ́ni lọ, igi ọparun tí wọ́n sì dì fún jù ń pa ẹsẹ̀ kú. Ohun yòówù tí wọ́n bá fi dè é, ẹ máa wo ìka rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́: bí ó bá wú tàbí tó tutù, ẹ tú u.

Bí kò bá padà, tàbí tó tún yẹ̀, wọ́n lè gé orí eegun itan náà sọnù. Ẹran á di oríkèé tuntun fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò sì máa ń gba ara wọn nímọ̀ràn òdì níbí, torí ìtọ́jú rẹ̀ lòdì sí ti orúnkún pátápátá: láti ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni kí ajá ti máa rìn, kí ẹ máa na itan rẹ̀ sẹ́yìn, pẹ̀lú oògùn ìrora tó tó. Ẹni tó bá so ó mọ́lẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bíi ti orúnkún á ní ajá tí itan rẹ̀ ò nà mọ́.

Ìwọ̀n àti ẹsẹ̀ kejì

Ajá tó ń sinmi ò nílò àkàsà àti àmàlà tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ dín in kù ní bí ìdá mẹ́rin, ẹ fi ẹja tàbí ẹ̀wà sísè tí kò ní iyọ̀ púpọ̀ dípò díẹ̀ nínú ọkà. Ẹ gùn orí bascule tí wọ́n fi ń wọn iṣu pẹ̀lú ajá lápá, ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ bá ń bọ́ lọ́sẹ̀, ó dára. Ajá kílò 40, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 400 sí 800. Ìhà rẹ̀ ni kí ọwọ́ yín máa kà láìtẹ̀ ẹ́.

Ó súnmọ́ ìdajì àwọn ajá tí iṣan orúnkún kan já lára wọn tí èkejì náà á já, nígbà mìíràn láàárín ọdún kan tàbí méjì. Ẹ máa fi téèpù kan náà wọn itan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí itan ẹsẹ̀ tí abẹ ò tíì kàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, tí ajá sì tún ń na ẹsẹ̀ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ bó bá jókòó, ẹ gbé e lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.